Ìyá Aláròyé Tó Dá Ọkọ̀ Padà Lójú Omi

Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ojú omi aago méje gbéra ní aago méje géérégé, aago méje ti kọjá ìṣẹ́jú méjì kí Ìyá Aláròyé tó dé èbúté. Ọkọ̀ ti kúrò létí omi. Ìyá gbé àpò aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, ó sì figbe ta.

"Atukọ̀! Ta ló ní kó o lọ lásìkò?"

Atukọ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ má bínú, Ìyá! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń ráhùn lójoojúmọ́ pé mò ń pẹ́?"

"Ọdún mọ́kànlá lo fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pẹ́! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa ni, lo wá fẹ́ yíwà padà lónìí?"

Èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Atukọ̀ yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí Ìyá wọlé, tó jókòó tán, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé. "Ẹ ò rí i? A ti tún pẹ́."

Aránṣọ ni ìyá yìí kó tó lọ síbi àgbà ń rè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní òdìkejì omi. Kò sí àárọ̀ tí kò rí nǹkan wí: bẹ́ǹṣì le, òrùlé ń jò, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, bí afẹ́fẹ́ bá sì dá, ooru fẹ́ pa òun. Atukọ̀ a máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni etí òun ń sinmi.

Bí ó bá ráhùn tán, ìròyìn ìlú ló kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kéde fún gbogbo ọkọ̀ pé akọ̀wé èbúté yóò fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Kò mọ̀ pé akọ̀wé ọ̀hún wà lẹ́yìn òun gan-an.

"Èmi? Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

Ìyá ò tilẹ̀ mira. "Ìyàwó yín ti pinnu. Ẹ̀yin ni wọn ò tíì sọ fún."

Òun náà ló dìde nígbà kan tí ọkọ̀ kún fọ́fọ́ ní èbúté, tó ní ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ síbì kankan. Inú bí àwọn èrò. Atukọ̀ ṣí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó lè dójú tì í. Omi ti dé orúnkún níbẹ̀. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń dúpẹ́. Ìyá nìkan ló ń ráhùn pé òun máa pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni nǹkan bà jẹ́. Ara ọmọ atukọ̀ ò yá, ọkàn bàbá rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ìyá ní ọkọ̀ ń mì jù. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu atukọ̀: "Ìyá, bí ọkọ̀ yìí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ!"

Ìyá ò fèsì títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ó ti kú, jẹ́jẹ́, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọmọ atukọ̀ ti gbádùn, ṣùgbọ́n atukọ̀ fúnra rẹ̀ ò lè jẹun. Ó ṣí fìlà, ó mú un dání, ó lọ bá ọmọbìnrin ìyá nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé ìbínú mi ni màmá bá lọ?"

"Ìbínú kẹ̀? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín wọlé lọ́jọ́ yẹn! Wọ́n ní ẹ ti wá lẹ́nu ọ̀rọ̀ wàyí."

"Kí ló dé tí wọn ò fèsì?"

"Wọ́n ń wá èsì ni. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Wọ́n ní bí àwọn bá lúwẹ̀ẹ́ lọ, ta ló máa wá bá yín ṣọ́ ọkọ̀?"

Atukọ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fa àga fún un. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá títí oòrùn fi wọ̀, bí ọ̀kan bá sọ tirẹ̀ tán, èkejì á ní, "Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún èmi."