Kì Í Dáhùn Kó Tó Rí Ẹni Tó Pè É

Ìyá onílé wa ní Oregbeni, lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá, kì í dáhùn àfi tó bá rí ojú ẹni tó pè é. "Ṣé o mọ ohun tó ń pe èèyàn ni?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mama Nurse ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Nígbà tí dókítà ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, ó ránṣẹ́ sí mi, torí èmi nìkan ni ayálégbé tó gbọ́ Yorùbá.

"Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó fi oríkì pè mí mọ́. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ pé ikú ló máa fi pè mí. Ìwọ ni kó o máa fi pè mí láràárọ̀."

"Mà, ẹnu mi ò gbà á."

"Á gbà á. Mama Nurse ni mo fi gbogbo ayé mi jẹ́. Mo fẹ́ mọ Àdùkẹ́ kí n tó lọ."

Mo wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀rùtẹ̀rù: "Àdùkẹ́!" Á ṣílẹ̀kùn, á wojú mi dáadáa, á wá rẹ́rìn-ín. "Àdùkẹ́ máa ń gun igi ọsàn o! Mo ti gbàgbé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ẹnu ọ̀nà. N kò tíì la ẹnu tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá:

"Hẹ̀n, mo ń bọ̀."