Bọ́tìnnì Tí Gbogbo Wa Ń Tẹ̀ Láràárọ̀

Bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì lè gbọ́ òórùn yàrá iṣẹ́ wa nígbà náà: kápẹ́ẹ̀tì tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán sí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí wọ òjò, eruku ara fáìlì, àti ẹ̀pà sísun tí ẹnìkan máa ń tọ́jú sínú tábìlì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí a ti ń ka iye òjò tó ń rọ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké yíká. Ìwọ náà ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí, o mọ bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti fẹ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo sì kọ̀.

Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà tí a fi ń ka òṣùwọ̀n òjò bàjẹ́, wọ́n sì ní kí a máa lo ògbólógbòó tó wà ní igun yàrá, èyí tí a fi ń tẹ mẹ́mò. Àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyẹn ní èdè tiwọn. Kóòdù kékeré kan, tí àwa ń pè ní láíbúrárì, ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí nọ́ńbà fún wa. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì padà sí Kàbà ló kọ ọ́ ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kóòdù bàbá wà lórí fílàṣì, ṣùgbọ́n a ní láti gbé e fún kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó máa ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò. Bí nǹkan kan kò bá tẹ́ kọ̀ǹpáílà lọ́rùn, á to àṣìṣe sójú ẹ̀rọ, á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Dírẹ́kítọ̀ wa, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun ti bá àwọn kọntirakítọ̀ kan sọ̀rọ̀, pé wọn yóò kó gbogbo ẹ̀rọ náà dànù, wọn yóò sì gbé tuntun wá. Èmi ní tèmi, wọn yóò gbé mi lọ sí rejísírì kí n lọ máa to fáìlì. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń fún mi ní ẹ̀bùn Kérésì.

"Àbúrò mi, iṣẹ́ yìí le fún obìnrin tó ń tọ́mọ. Fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Inú bí mi. Ta ló bá mi kàwé yẹn? Ta ló bá mi jókòó ti òṣùwọ̀n wọ̀nyẹn nínú oòrùn? Mo ní, "Èmi náà mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun." Ó gbé èjìká sókè. Ó ní kò burú, bí Jímọ̀ bá kọjá, òun yóò fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kìn-ín-ní dùn. Mo so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù mi. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ní òun kò rí fáìlì kan, mo wá a wá. Èyí tó tẹ̀ lé e ní bàbá ń lo àṣẹ kan tí kò kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà ayé àtijọ́ máa ń gbójú fo irú rẹ̀, ti òde òní kì í gbà. Mo kéde rẹ̀. Iná kò tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kò tán ní èékánná. Bí mo ṣe ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń yọjú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo: gbogbo rẹ̀ ti fẹ́ so pọ̀, àfi pé ẹ̀rọ ní òun kò rí apá tó ń ka ìwọ̀n omi. Mo pe bàbá ní Kàbà. Ó ní apá yẹn kò bá fílàṣì wá, ó sì ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe lè kọ ọ́, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi orin wakọ̀ délé ní Galadimawa.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúdú, ó to lẹ́tà funfun rẹ̀ tó máa ń tò láràárọ̀, mo sì tẹ bọ́tìnnì kan lókè kíbọ́ọ̀dù kó lè kọjá. Gbogbo wa la mọ bọ́tìnnì yẹn. Bí ẹni tuntun bá dé yàrá wa, a ó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà hàn án, a ó sì fi bọ́tìnnì náà hàn án. Kò sí ẹni tó ń ka ohun tó wà níbẹ̀.

Mo kọ apá tó kù sínú ọ̀kan nínú àwọn fáìlì bàbá tí ẹ̀rọ ti gbà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó ní òun kò rí i. Mo wò ó, ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Mo tún un kọ, ó ní òun kò rí i. Dírẹ́kítọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó béèrè bóyá mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo ní rárá o, sà, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Nígbà tí inú ń bí mi, mo kọ jágbajàgba sí àárín fáìlì náà, ohun tí kò sí kọ̀ǹpáílà tó lè gbé e mì. Ẹ̀rọ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò ka iṣẹ́ mi rárá. Ìkìlọ̀ kan ń yọ lókè, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìkìlọ̀ nígbà tí àṣìṣe wà nílẹ̀?

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ọkùnrin Hausa tó ń jókòó níwájú mi ń múra mọ́sálásí. Fóònù rẹ̀ ti kú, ó wá bi mí pé aago mélòó ló lù. Mo wo igun ojú kọ̀ǹpútà, mo dá a lóhùn láìgbójú sókè pé aago mẹ́ta òru ni.

"Kai, Madam," ó ní, "sannu da aiki." Ẹ kú iṣẹ́ ló ń kí mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ọjọ́ tó wà lábẹ́ aago náà: oṣù kìn-ín-ní, ní ọdún tí n kò tíì gba iṣẹ́ ìjọba rárá.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá a tọ́jú aago nígbà tí iná kò sí. Tiwa ti kú. Lálaalẹ́ ni sẹkiọ́ríti ń pa iná gbogbo ilé, aago á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí lẹ́tà funfun yẹn ń sunkún lé lórí láràárọ̀ nìyẹn, òun náà sì ni ìkìlọ̀ tí n kò kà ń wí. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù mi ló tún aago ṣe. Láti ọjọ́ kejì, n kò so ó mọ́. Bẹ́ẹ̀, aago ni ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tó yẹ kó tún kọ́, bí ẹni ń tún ilé kọ́: bí fáìlì mi bá jẹ́ tuntun ju èyí tó ti kọ́, á tún un kọ́, bí ó bá jẹ́ àtijọ́, á fi í sílẹ̀. Lójú rẹ̀, àtúnṣe mi ti gbó kí n tó kọ ọ́.

Mo tún aago ṣe, mo yọ jágbajàgba mi kúrò, mo pa gbogbo ohun tó ti kọ́ rẹ́, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ọ tán láìsí àṣìṣe ẹyọ kan. Nọ́ńbà òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má baà pariwo.

Dírẹ́kítọ̀ ti gbé báàgì, ó ń lọ sílé, nígbà tí mo ní kó wá wò ó. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó. Ó ní ó dára, a ó jíròrò rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Mo mọ ohun tí ìjíròrò túmọ̀ sí níbi iṣẹ́ ìjọba. Mo dìde.

"Ọ̀gá, n kò lọ sí rejísírì, sà."

"Ta ló ní kí o lọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà, nínú ọ́fíìsì yín. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín báyìí pé ẹ ti dá a dúró."

Ọkùnrin Hausa yẹn ti dé láti mọ́sálásí, ó ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú tábìlì rẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ wò mí, ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti dá a dúró." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé, ṣùgbọ́n n kò gbé ojú mi kúrò lójú rẹ̀.

Mo fi bátìrì tuntun sí kọ̀ǹpútà náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn láìráhùn, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ṣì ń lọ síbi bọ́tìnnì yẹn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lásán. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò parọ́ fún wa rí, ojoojúmọ́ ló ń sọ ibi tó ń dùn ún, àwa la kọ́ra wa bí a ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. Èmi náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ nínú ilé yẹn pé mo mọ iṣẹ́ mi, àwọn kan sì ti rí bọ́tìnnì tèmi tẹ̀. Kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohun kan náà ni màá tún sọ, màá sì dúró síwájú wọn títí wọn yóò fi kà á.