Ẹkún Tí Mo Gbé Mì

Ìkùukùu bo Ajégúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ń la ètè wa, a ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun láti Àpápá, ṣùgbọ́n a ò rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìgbà tí ọkùnrin náà wọlé tán ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó ń bá ọkọ mi rẹrù ní wọ́ọ̀fù ni. Eruku símẹ́ńtì bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ìgbà tí ọkọ̀ símẹ́ńtì kún ojú omi Àpápá bámúbámú nìyẹn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń já a. Ó ní àwọn àpò ya lu ọkọ mi, wọ́n gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo la ẹnu láti ké. Ìyá onílé wa sáré jáde láti yàrá kejì, ó fi ọwọ́ tó ń rùn fún àdí bò mí lẹ́nu.

"Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ ké! Aboyún ń rọbí níbí. Bó bá gbọ́ igbe òkú, ọmọ ẹ̀ lè bá òkú lọ."

Òun ló ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò. Ìyàwó télọ̀ tó wá láti Wàrí ló ń rọbí, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan rí. Mo gbé ẹkún náà mì. Ó há díẹ̀ bí òkèlè gbígbẹ, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn di ẹsẹ̀ mi mú. Ọ̀sán ti pọ́n kí ọmọ yẹn tó bọ́ sílẹ̀. Kò ké. Mo gbọ́ tí ìyá onílé ń gbá a nídìí: "Ké! Ọmọ yìí, ké! Ohùn rẹ là ń retí!" Ẹnu tó ní kí èmi má ké ló ń bẹ ẹlòmíì pé kó ké. Ó pẹ́ kó tó ké.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń sunkún bọ̀ láti títì. Ó rí mi, ó dá ẹkún dúró.

"Ẹ wá wo ojú ìyàwó! Ó gbẹ bíi pánlá! Àbí ẹni tó pa èèyàn tún máa ń sunkún ẹ̀ ni?"

Ìyá onílé jáde. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó má ké."

"Ṣé wọn ò tíì bímọ tán ni? Kó ké báyìí, ká gbọ́."

Ìyá onílé yíjú sí mi. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, ké, kí wọ́n lè sinmi."

Gbogbo ilé yí mi ká, wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni ń wo omi tó fẹ́ hó. Mo wá ẹkún náà nínú mi, mi ò rí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tuntun ni wọ́n ń lù kó tó ké."

Ló bá fa ọmọ mi lọ́wọ́. Ó ní ọmọ àbúrò òun ò ní gbé lọ́dọ̀ àjẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún ńlá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi náà ń wo ibi tí ojú ẹ̀ ń lọ: ó ti gba orí ọmọ kọjá, ó dúró lára rédíò ọkọ mi nínú yàrá. Mo di ọwọ́ kejì ọmọ mi mú.

"Ẹ gbé rédíò. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

Ẹkún dá wáí. Ó fi ìborùn nu ojú. "Bátìrì ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú ẹ̀."

Títí dòní, bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá bi mí pé kí ló dé táwọn èèyàn fi ń sunkún òkú, mi ò lè sọ pé ìfẹ́ ni. Mo ti rí ẹni tó sunkún gba rédíò. Mi ò dárí jì í, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń purọ́ pé òun ti dárí jini.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹkún ò ju ti ọjọ́ kejì lọ. Ìyá ọmọ tuntun ò tíì lè dìde, ìyá onílé ti jáde. Mo tẹ́ ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ mi, mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Omi kàn án lórí, ó figbe bọnu.

"Sista, abeg, kó má ké mọ́!" ni ìyá ẹ̀ wí láti orí ẹní nínú yàrá.

Mo ní, "Jẹ́ kó ké."

Kò sí ẹni tó ń wo ojú mi. Èmi náà la ẹnu. Àwa méjèèjì jọ ké títí omi fi tutù.