Ajá Tí Gbogbo Ilé Ń Pè Wá Jẹun

Ẹ̀kọ́ ilé ló fẹ́ pa ajá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo ń sọ.

Nínú ilé tí mo ń gbé ní Ìgàndó, yàrá kọjú sí yàrá, páséèjì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà. Ooru kì í jẹ́ kí ẹni tó ń jẹun ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń kọjá, ẹni tó ń jẹun á ní, "Ẹ wá jẹun o!" Ẹni tó ń kọjá á dáhùn, "Á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ajá mi ni kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti pe "wá jẹun" báyìí, ó ti débẹ̀, ó ti jókòó, ó ti tẹjú mọ́ abọ́. Ta ló máa pe àlejò tán tí kò ní fún un ní nǹkan? Wọ́n á ju egungun sí i, wọ́n á ju pọ̀ǹmọ́ aláta sí i. Ajá tí kò ju ológbò lọ, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi kí ilé má baà dá jù lẹ́yìn tí ọmọ mi kan ṣoṣo relé ọkọ!

Ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru sí páséèjì. Ìyá onílé wa, Àlàájà kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe àlùwàlá tán, ó fẹ́ lọ kírun, ló bá fẹsẹ̀ tẹ ìgbẹ́ náà. Háà! Ariwo ọjọ́ yẹn! Ó ní, "Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ́rẹ́, ajá yìí á fi ilé mi sílẹ̀." Bí wọ́n bá lé e lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ìkọ̀tún. Dókítà ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kó máa jẹun, oúnjẹ tí kò ní ata àti àlùbọ́sà, kó má fẹnu kan egungun adìyẹ rárá, kí omi tó mọ́ sì máa wà nítòsí rẹ̀.

Ìyẹn ò le. Mo ń se ìrẹsì tó rọ̀, mo ń yọ egungun kúrò lára ẹja, mo ń gé kárọ́ọ̀tì sí i. Bó bá ti jẹ tán, mo gbé abọ́ kúrò nílẹ̀. Àwọn ará ilé gan-an niṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n láti yàrá dé yàrá pé kí wọ́n má ju nǹkan kan sí i mọ́. Ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ní, "Màmá, ajá yín ń jẹun ní àsìkò! Ṣé ọ́fíìsì ló ń lọ ni?" Mo ní, "Àwọn tó gbé mọ́tò fún ọ ń wá ẹ, lọ dá wọn lóhùn ná." Àwọn kan ní ahun ni mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ahun, jàre.

Ṣùgbọ́n mi ò lè ní kí wọ́n má pe èèyàn jẹun mọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́? Mo ní kò burú, ajá ni màá kọ́ ní èsì. Bí mo bá ti gbọ́ "wá jẹun" láti yàrá èyíkéyìí, màá fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi sílẹ̀, màá di ajá mú, màá ké pé, "Á gba ibi ire o!" màá sì máa fọwọ́ pa á lórí títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń jà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù, èmi náà sì ń bá a sunkún. Ìgbà tó yá, bí mo bá ti dáhùn, òun fúnra rẹ̀ á jókòó. Inú rẹ̀ dúró, irun rẹ̀ ń dán, páséèjì gbẹ táútáú.

Àfi bí Iléyá ṣe dé. Àlàájà pa àgbò, àwọn ẹbí rẹ̀ kún ilé, òórùn ẹran dídín gba gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́nu tí kò pariwo, "Ẹ wá jẹun o!" Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ajá wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mi ò dì í mú. Mo ń dáhùn, mo ń dáhùn, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí, kò dìde. Ọkùnrin tó ń kun mọ́tò yanu sílẹ̀: "Màmá, ajá yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ jù mí lọ ṣá!"

Ni àbúrò Àlàájà kan, tí kò mọ nǹkan kan, bá na egungun ńlá kan sí i. Kí n tó dìde, Àlàájà ti ké láti ìdí iná:

"Má fún un! Kò tíì tó àsìkò oúnjẹ rẹ̀. Àbí o fẹ́ ba inú ajá wa jẹ́ ni?"

Ajá wa! Ẹnu Àlàájà ló ti jáde, gbogbo ilé ló gbọ́. Mo dìde, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ń jó láìsí ìlù. Kò sẹ́ni tó máa lé ajá mi lọ mọ́.