Ẹran Òkè Tútù Nínú Yàrá Kòkó

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ló ń bọ́ wa láti àárọ̀ di alẹ́, a sì ń jẹ adìẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá ní náírà mẹ́wàá lápò lè máa rìn bí ọmọ ọba títí oṣù yóò fi parí. Lónìí, náírà mẹ́wàá kò ra súìtì. Gbogbo arúgbó ló mọ èyí, a sì ti wí i títí ó ti sú àwọn ọmọ wa. Àmọ́ n kò mọ bí ayé ṣe yí tó gan-an títí di ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni òun fi ra eruku.

"Eruku wo?"

"Eruku ìwẹ̀ ni, Dádì."

"Ta ló ń fi eruku wẹ̀?"

"Àwọn ṣinṣílà mi."

Mo ṣí ike tó gbé wá wò. Eruku inú rẹ̀ kúnná ju àtíkè lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Mo wo òde, níbi tí ọyẹ́ ti ń da eruku ọ̀fẹ́ sórí gbogbo Isikan, àdúgbò tí mo ń gbé l'Ákùúrẹ́, mo sì dé ike náà padà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló ni àwọn ẹran náà, ẹran kékeré onírun tí wọ́n ń sìn nínú ilé, kí ó tó kó lọ sí Kánádà, tó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan funfun, èkejì dà bí eérú, ó sì ń pè wọ́n ní Funfun àti Eléérú. Ọmọ mi yìí kò tíì lọ́kọ. Òun nìkan ló ń gbé níbi tó háyà l'Ákùúrẹ́, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ sì ti kú ni kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ẹran yìí ló ń bá sọ̀rọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń ròyìn ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fún wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín náà láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Kẹ́ńyà fún oṣù mélòó kan, tó sì kó wọn wá bá mi, mo mọ ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Kí n dé bá àwọn méjèèjì láàyè. N ò bẹ̀ yín ju ìyẹn lọ."

Àgò onírin tó gbé wọlé ga tó mi. Ó fi pákó ṣe pẹpẹ kéékèèké sínú rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, òmíràn lókè díẹ̀, nítorí pé fífò ni àwọn ẹran náà fẹ́ràn láti máa fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Ó tẹ́ aṣọ nípọn sísàlẹ̀ kí wáyà má baà ge wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó gbé àpótí pákó sí igun kan, ibẹ̀ ni yàrá oorun wọn. Ó so ìgò omi kọ́ ara irin, irú èyí tí àwọn fúnra wọn yóò máa fi ahọ́n ti ẹnu rẹ̀ kí omi tó kán. Ó fi àfọ́kù táìlì kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa sùn lé tí ara bá ń gbóná wọn. Ó kó koríko gbígbẹ àpò kan wá, àti igi gbígbẹ tí wọn yóò máa họ, nítorí pé eyín wọn kì í dẹ́kun híhù. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. N kò gbọdọ̀ fún wọn ní ẹ̀pà. N kò gbọdọ̀ fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì. Ooru kò gbọdọ̀ mú wọn. Omi kò sì gbọdọ̀ kan ara wọn rárá, nítorí pé irun wọn ki débi pé tó bá tutù, kì í tètè gbẹ, àìsàn ló sì ń fà.

Nígbà tó lọ tán, mo fa àga mi sún mọ́ wọn. Etí wọn jọ ti àdán, ìrù wọn jọ ti ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n jókòó bí ehoro, imú wọn sì ń jó bí ti òkété. N kò mọ ohun tí mo lè pè wọ́n. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní jọ́gíráfì, l'Óǹdó àti l'Ákùúrẹ́. Mo ti ya òkè Áńdíìsì ti Gúúsù Amẹ́ríkà sójú pátákó títí ẹfun fi há sí mi léèékánná. Mo máa ń sọ fún wọn bí òtútù ibẹ̀ ṣe tó, àti bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́. Ọmọ mi ní ibẹ̀ gan-an ni ẹran yìí ti ṣẹ̀ wá. Kí wá ni ọmọ Áńdíìsì ń wá ní Isikan?

Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi ń sùn, tí mo bá sì fẹ́ sùn, ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé abọ́ eruku sínú àgò bí ọmọ mi ṣe kọ́ mi. Wọn á bọ́ sínú rẹ̀, wọn á máa yí gbiri, wọn á jáde, ara wọn á sì mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Mo wò ó títí, kò yé mi. N kò rí ohun tó ń fi ìdọ̀tí wẹ̀ kí ó mọ́ rí.

Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ooru dé. Tiransífọ́mà àdúgbò wa sì bú gbàmù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fáànù dúró. Páànù ilé mi ń ró pá pá lórí wa. Nígbà tí mo wo inú àgò, mo rí Eléérú tó nà gbalaja sórí táìlì, ó ń mí gúlegúle. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù.

"Etí wọn ńkọ́, Dádì? Ṣé ó pọ́n?"

"Ti Eléérú pọ́n bí ata."

"Ooru ti mú un nìyẹn. Ẹ wá omi dídì. Ẹ fi tówẹ̀lì wé e, kó má kàn án lára o. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo ra omi inú ọ̀rá tó ti dì lọ́wọ́ obìnrin tó ní jẹnẹrétọ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Eléérú gbé orí sókè nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná yóò dé, omi dídì kò sì lè gbà wá lójoojúmọ́. Ìgbà náà ni mo rántí ilé bàbá wa l'Óǹdó, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́. Yàrá tí bàbá wa máa ń kó kòkó sí kì í gbóná, bí oòrùn ṣe wù kó le tó.

Ìdájí ni mo wọkọ̀, kí oòrùn tó yọ. Mo kó àwọn ẹran sínú agbọ̀n oníwáyà lórí itan mi, àgò ńlá wà lórí ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọdẹ o," ni awakọ̀ wí.

"N kì í ṣe ọdẹ."

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn na ọrùn. "Ọ̀yà òyìnbó ni. Ẹ wo ìrù! Bàbá, èló lẹ fẹ́ tà á?"

"Kò sí fún títà. Ọmọ ọmọ mi ni."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Ẹ̀ẹ́! Ọmọ yín ló bí irú èyí?"

"Ìyá, ẹ má bú bàbá," ni awakọ̀ wí. "Ẹ ò rí i pé ó fi imú jọ wọ́n?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Eléérú ni mo ń ṣọ́, bóyá ó ṣì ń mí.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Mo dọ̀bálẹ̀ débi tí orúnkún mi gbà mí láyè dé.

"Àbúrò mi, káàbọ̀. Kí lo gbé dání yẹn?"

"Ẹran tí ọmọ wa fi sí mi lọ́wọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò fẹ́ ooru."

"Èmi náà ò fẹ́ ooru. Ta ló gbé mi lọ síbi tó tutù?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ibi tó tutù."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n dáadáa. "Tí a bá sìn wọ́n sanra tán, ta ni yóò jẹ wọ́n?"

"A ò ní í jẹ wọ́n."

"Ìwé tí o kà ló ń dà ọ́ láàmú," ó ní. Ṣùgbọ́n ó ti di ìgbálẹ̀ mú, ó ń lọ gbá yàrá kòkó.

A gbé àgò sí ibi tó jìnnà sí fèrèsé àti sí èéfín ilé ìdáná. Òórùn kòkó ṣì wà lára ògiri náà lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kò pẹ́ tí Funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Eléérú náà jẹ koríko díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ gé koríko tí n óò sá gbẹ. Nígbà tí mo dé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àpótí ìjókòó nínú yàrá kòkó, ọpọ́n omi wà níwájú rẹ̀, kànrìnkàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Funfun wà lórí itan rẹ̀ nínú ìró, ó ń dán yanran, irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara, kò tóbi ju èkúté lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi òrí pa á lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n! Omi!"

"Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni. Ṣé mo máa fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ ni?"

"Òrí ńkọ́?"

"Ta ló ń wẹ ọmọ tí kì í fi nǹkan pa á lára? Mo bá a tó ń yí nínú eruku bí ọmọ aláìníyàá. Kí ọmọ wa dé, kó sọ pé inú ìdọ̀tí la fi ẹran òun sí?"

Ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ̀gbọ́n mi wò nínú ilé yẹn kò níye, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ara híhan. Èmi pàápàá, òun ló wẹ̀ mí dàgbà. Mo jáde síta, mo pe Kẹ́ńyà.

Mo ròyìn fún ọmọ mi. "Ta ló wẹ̀ ẹ́, Dádì?"

"Màmá Oǹdó ni."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ò lè bínú sí Màmá Oǹdó. "Ẹ bá mi kí wọn," ó ní. "Ẹ fi tówẹ̀lì fa omi náà. Ẹ wá ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹ máa bù ú sí i lára kó fa òrí. Ẹ má gbé e sínú oòrùn o."

Kò sí ìyẹ̀fun àgbàdo nílé. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ní ni ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó fi máa ń po sítáàṣì fún aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. A dà á sórí Funfun, a ń fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, a tún ń dà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi èdè Oǹdó bẹ ẹran náà pé kó má dójú ti òun. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú gbogbo wa wà lára Funfun. Eléérú wà nínú àpótí rẹ̀, a kò yọ ọ́ lẹ́nu, a sì rò pé ó ń sùn ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọlé. Funfun wà nínú abọ́ eruku, ó ń yí gbiri, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ti tẹ́lẹ̀. Eléérú wà lórí táìlì, ó ti kú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èyí tí a fi omi wẹ̀, tí a fi òrí pa, tí a da sítáàṣì sí lára ló wà láàyè. Èyí tí a kò fọwọ́ kàn ló kú. Mo bi dókítà ẹran kan l'Ákùúrẹ́ lẹ́yìn náà. Ó ní ó lè jẹ́ ooru àkọ́kọ́ ló ti ba inú rẹ̀ jẹ́, ó lè jẹ́ ìrìn àjò, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló dé. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ rú mi lójú ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà kí n sọ ọ́ sí ààtàn. Ó ya ìró kan, ó wé e, a sì sin ín sẹ́yìn ilé.

Mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò fi pamọ́. Ó sunkún. Nígbà tó dé láti Kẹ́ńyà, Oǹdó ló gbà tààrà. Ó wọ yàrá kòkó, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó síta bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, a gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń ròyìn Kẹ́ńyà fún Funfun. A tẹ́tí, a tẹ́tí. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi òrí tí a fi pa Funfun lára, a gbọ́ kinní kan tí n kò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rín ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè l'Óǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Funfun wà láàyè l'Ákùúrẹ́, òun nìkan nínú àgò náà. Ọmọ mi wà, ó sì ti ń pè mí nírọ̀lẹ́. Èmi náà wà. Eléérú kò sí mọ́.