Pákó Kẹta Níwájú Ilé Ìyá Mi

Lọ́dọ̀ wa ní etíkun Ìlàjẹ, orí omi ni à ń rìn. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu o, pákó ni. A ó ri òpó mọ́ inú ẹrọ̀fọ̀, a ó fi igi dábùú wọn, a ó wá to pákó sórí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé kan dé ẹnu ọ̀nà ilé kejì, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Afárá là ń pè é. Òun ni títì wa, òun náà ni ojúde wa. Ibẹ̀ la ti ń sá ẹja, ibẹ̀ la ti ń dirun, ibẹ̀ náà la ti ń jà. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ ọ́ níbẹ̀, inú omi lo bọ́ sí. Bí omi bá sì ti fà, orí òpó ògbólógbòó tó kù sínú ẹrọ̀fọ̀ lo máa bá ara rẹ.

Òfin afárá kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ti ń fẹsẹ̀ rìn tí kò mọ̀ ọ́n. Onílé ló ń tún iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Láti òpó ilé mi dé òpó ilé rẹ, tèmi ni. Bí pákó ibẹ̀ bá jẹrà, èmi tàbí ọmọ mi ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Aládùúgbò kì í báni kàn án, bó ti wù kó fẹ́ràn ẹni tó. Ilé tí aládùúgbò bá ti ń kan pákó níwájú rẹ̀, ilé tí onílé ti kú tí kò sì fi ọmọ sáyé ni. Tí o bá ń kọjá lọ tí o rí ọmọ ọlọ́mọ tó bẹ̀rẹ̀ tó ń gbá ìṣó níwájú ilé kan, wàá mi orí, wàá ní, "Ó mà ṣe o."

Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá mi. Bàbá mi lọ sókun pẹja nígbà tí mo ṣì kéré, kò sì padà wálé, nítorí náà ìyá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kan pákó. Ìye là ń pe ìyá lẹ́nu tiwa. Ìye mi á kó ìṣó mẹ́ta sí ètè, á fi òòlù lé mi lọ́wọ́, á máa sọ̀rọ̀ láàárín ìṣó. "Ṣé olè lò ń lù ni? Rọra gbá a lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Tó bá ti dúró, kí o wá fi agbára sí i." Bí ìṣó bá wọ́, ó di ẹjọ́. Ẹnu ìyá mi mú, èmi náà sì jogún ẹnu yẹn láìṣẹ́kù. Àwọn tó mọ̀ wá máa ń sọ pé tí a bá jọ ń kan afárá, ariwo wa pọ̀ ju ti òòlù lọ.

Mo kàwé, mo di tísà, wọ́n sì gbé mi sí Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Iléèwé wa kọjú sí títì. Kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, àwọn ọmọ wa ń fi ara gbún ara wọn létí gọ́tà. Inú bí mi. Láràárọ̀ ni mo ń dúró láàárín títì pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́, tí mo ń dá mọ́tò dúró kí àwọn ọmọ lè kọjá. Àwọn ọlọ́kadà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tísà, ṣé ká kúkú sọ̀ kalẹ̀ ká gbé ọ̀kadà wa lórí ni?" Mo bú wọn, wọ́n bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Èmi àti àwọn òbí kan kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀, a lọ, a bọ̀, títí wọ́n fi ṣe bọ́mpù méjì fún wa, tí wọ́n sì da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ títì fún àwọn ọmọ láti máa rìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gba àtẹ́wọ́ náà.

Láàárín àkókò yẹn gan-an ni ìyá mi pè mí lórí fóònù. "Pákó kẹta ti ń ké o," ó ní. Pákó kẹta láti ẹnu ọ̀nà wa ló ń sọ. Mo ní, "Mò ń bọ̀, Ìye. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdánwò dé. Lẹ́yìn ìdánwò, òjò. Lẹ́yìn òjò, ewé orí omi dí ọ̀nà odò, ọkọ̀ kò lè kọjá dáadáa. Nígbà tí gbogbo àwáwí yẹn tán, mo wá òmíràn. Mo sọ fún un pé n kò tíì rí pákó tó dára rà. Ní Igbókòdá! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lagi ń ké lẹ́yìn kíláàsì mi bí mo ṣe ń pa irọ́ yẹn lọ́wọ́, ó sì dá mi lójú pé Ìye gbọ́ ọ lórí fóònù. Kò bá mi jà. Ìyá mi, tó lè tìtorí ìṣó kan ṣoṣo jà láti àárọ̀ di ìyálẹ̀ta! Ó kàn ní, "Ó dáa. Ìgbà tí o bá rí i náà." Ó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí. Kò bà mí. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo bọ́.

Bàbá kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ọkọ̀ ló ń kàn. Òun ló máa ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún mi. Ó pè mí nígbà kan, ó ní òun gbé òòlù jáde láti bá ìyá mi kan pákó náà, pé ìyá mi lé òun bí ẹni lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù fún un. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ìyá mi wá ya lára gèlè pupa rẹ̀ kan, ó so ó mọ́ pákó kẹta kí ojú lè tètè rí i. Ẹní ló ń hun. Ó gbé ẹní rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun ún níbẹ̀ láràárọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń bọ̀, á pariwo: "Gbé ẹsẹ̀ gígùn níbẹ̀ o!" Aláboyún, arúgbó, ẹni tó ru agbọ̀n púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, gbogbo wọn ló ń gbé ẹsẹ̀ gígùn. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di eré.

Èmi gan-an lọ sílé lọ́dún Àjíǹde. Mo wọ bàtà tuntun, mo gbé búrẹ́dì dání, mi ò mú òòlù. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ pupa yẹn, mo ká aṣọ mi sókè, mo fò ó. Ìyá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ gùn lóòótọ́." Mo sùn mọ́jú, mo jẹ púpurú rẹ̀, mo ní màá padà wá ṣe é kó tó di ìgbà òjò, mo sì fo pákó náà padà lọ. Títí di òní, tí mo bá rántí fífò yẹn, ojú ara mi ń tì mí.

Òjò dé, òkun sì ru wọ inú odò. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, omi gorí afárá. Pákó kò hàn mọ́, aṣọ pupa náà kò hàn. Àwọn èèyàn sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun wọn. Bàbá tó ń kan ọkọ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ìyá mi jáde láàárọ̀ kùtù, ó fi ẹsẹ̀ kan sí orí pákó kejì, ó fi ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀kẹrin, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ sí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà wọ́n kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ti di aṣọ pupa. Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, tí ẹni tó kẹ́yìn ti lọ, ó yí padà láti wọlé lọ múra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Orí pákó kẹta ló jókòó lé, pákó náà sì dá sí méjì lábẹ́ rẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ lára òpó tó wà nísàlẹ̀.

Wọ́n gbé e wá sí Igbókòdá nínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì, orí ẹní tó hun fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Mo dúró dè wọ́n ní etídò. Ìgbì ti gbọn ìyá mi títí ojú rẹ̀ fi di eérú. Ó rí mi, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Háà! Ìye mi.

Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀ ní ọsibítù, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ìbínú ni mo fi bo ẹ̀bi mi, bí ìṣe mi. Mo ní, "Ìye, kí ló dé gan-an? Bàbá yẹn wà níbẹ̀! Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀! Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó kàn án?"

Ó ní, "Ṣé o kú ni?"

Ó di ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ibà mú un, àyà rẹ̀ ń dún, àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Ọwọ́ náà le, ẹní híhun ti sọ ọ́ dà bí èèpo igi, mo sì ń rọra fi àtàǹpàkò mi ra á bí ẹni pé ó lè mọ̀ ọ́n.

A gbé òkú rẹ̀ padà sílé lórí omi. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo rí èrò lórí afárá, wọ́n dúró sójú kan, wọn kò wá pàdé wa. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ihò pákó kẹta ṣì wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tu ara wọn kọjá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kàn án. Bàbá tó ń kan ọkọ̀ dúró létí ihò náà, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Ìwọ là ń dúró dè."

Mo wo ọwọ́ mi. Òfo ni. Mo ra pósí, mo ra aṣọ òkú, mo ra oúnjẹ àlejò, mo sì tún wá sílé láìmú pákó. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mú pákó wá."

Ó mi orí. "Wọlé lọ. Wo abẹ́ ibùsùn ìyá rẹ."

Wọ́n fi ọkọ̀ tù mí kọjá ihò náà. Abẹ́ ibùsùn ni mo ti bá a. Pákó líle, wọ́n ti gé e sí ìwọ̀n, wọ́n fi ògbólógbòó ẹní wé e kí ó má baà fa omi. Agolo mílíìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣó mẹ́fà nínú epo kí wọ́n má baà dípẹtà. Òòlù wa àtijọ́ náà wà níbẹ̀.

Mo gbé e jáde. Mo bi bàbá náà, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí o tó wá lọ́dún Àjíǹde."

Orí ibùsùn yẹn ni mo sùn lọ́dún Àjíǹde.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Bàbá náà kò fẹ́ sọ ọ́. Mo rí i pé kò fẹ́. Ó ní, "Ó ní bí o bá mọ̀ pé pákó wà, wàá ní kí n bá ọ kàn án."

Òótọ́ ni. Bí mo ṣe mọ ara mi, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kì í ṣe pákó ni ìyá mi ń wá lọ́wọ́ mi.

Mo kúnlẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ojú gbogbo abúlé ń wò mí. Ìṣó àkọ́kọ́ wọ́. Ìkejì náà wọ́. Ọwọ́ mi ti gbàgbé. Mo sunkún, mo pariwo, mo bú ìṣó, mo bú òòlù, mo bú ara mi, kò sì sí ẹni tó dá mi lẹ́kun tàbí tó gba òòlù lọ́wọ́ mi. Mo wá rántí bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ lójú oorun. Mo rọra gbá ẹ̀kẹta, ó dúró. Mo fi ìṣó mẹ́rin kan pákó náà mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ìyá mi kọjá lórí rẹ̀ wọlé, pákó náà kò ké.

Oṣooṣù ni mò ń lọ sílé báyìí. Mi ò gbọ́ ti òjò, mi ò gbọ́ ti ewé orí omi, mi ò sì gbọ́ ti ìdánwò. Mo ti pààrọ̀ gbogbo pákó iwájú ilé wa láti òpó dé òpó, mo sì fi igi ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn arúgbó. Àwọn tó ń kọjá ń súre fún mi, wọ́n ní ọmọ gidi ni mí. Mo máa ń ṣe àmín. Tí mo bá kàn án tán, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti máa ń hun ẹní. Ìlẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn mi wà ní títì. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn kì í gbé ẹsẹ̀ gígùn níbì kankan mọ́. Nígbà míì mo máa ń yọ fóònù mi wò. Kò sí ẹni tó ń pè mí pé kí n wá.