Rọ́bà Dúdú Ara Jíìpù Bàámi

Ọdún tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni bàbá mi kó dé láti Àbíjàn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi ta aṣọ níbẹ̀. Èjìgbò ni àwa wà pẹ̀lú ìyá wa, ọdún Iléyá la máa ń rí wọn, bí Ọlọ́run bá ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò wọ bọ́ọ̀sì bí wọ́n ti máa ń ṣe. Jíìpù funfun kan ni wọ́n wa gba Gánà àti Tógò kọjá, wọ́n sì ní àwọn ò padà mọ́. Inú wa dùn, ìyá mi pa àgbò. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìdí tí ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà fi pa ṣọ́ọ̀bù dé lójijì.

Èmi ni àkọ́bí wọn, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú nígbà náà. Bàámi bẹ̀rẹ̀ òwò gàrí àti iṣu. Wọ́n á wa jíìpù lọ sí Ọlá tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n á rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á kó o wá sọ́jà. Jíìpù náà ga, kò sí kòtò tó lè dá a dúró. Ara rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú líle ni wọ́n fi yí etí rẹ̀ ká lókè táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe igun bọ́ńpà níwájú àti lẹ́yìn. Oòrùn ti pa rọ́bà yìí. Ó ti ṣá, ó rí bí eérú, béèyàn bá fọwọ́ kàn án á lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹfun.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi gígùn, bàámi ní kí àwa méjèèjì kun rọ́bà náà. Mo ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀. Wọ́n ní rárá, ilé la ó ti ṣe é. Wọ́n ti ra ọ̀dà dúdú, búrọ́ọ̀ṣì méjì àti sanpépà.

Ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ògiri máa ń ṣíji bò láàárọ̀, la gbé ọkọ̀ sí. Omi àti ọṣẹ ìfọṣọ la kọ́kọ́ fi fọ rọ́bà náà, mo fi kànrìnkàn ha ẹrẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, a fi sanpépà ha á kí ọ̀dà lè rí nǹkan dì mú, mo sì fi àkísà tí a rẹ sínú bẹntiróòlù nù ún. Lẹ́yìn náà mo lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ara funfun ọkọ̀ kí ọ̀dà má baà ta sí i. Bàámi ò kánjú. Bí mo bá ti fẹ́ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo jù, wọ́n á ní, "Dúsìmáà, dúsìmáà," ìyẹn ni pé kí n rọra ṣe, ní èdè Faransé tí wọ́n kó bọ̀. A kùn ún, a jẹ́ kó gbẹ, a tún un kùn. Wọ́n ń sọ fún mi nípa yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé, nípa òjò ibẹ̀, nípa ọ̀rẹ́ wọn kan tó kú síbẹ̀ tí wọn ò sì mọ ìlú tó ti wá. Ọjọ́ méjì péré ni, ṣùgbọ́n n kò mọ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pé oṣù kan, wọ́n ní ó tún ti ṣá. Mo lọ wò ó. Ó dúdú bí kóró iṣin. Mo ní kò ṣá, wọ́n ní àfi kó jẹ́ pé ọ̀dà tí mo pò ló ṣàn jù. Mo tún un kùn, èmi nìkan, torí wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé ìwé ti wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni, aṣọ rẹpẹtẹ tí mo fẹ́ fọ̀ ń dúró dè mí. Bàámi tẹ̀ mọ́ ara jíìpù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, wọ́n ní mò ń fi iṣẹ́ ṣeré. Inú bí mi.

"Bàámi, ó dúdú," mo ní. "Gbogbo ayé ló rí i pé ó dúdú. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò rí i."

Wọ́n fọwọ́ lé rọ́bà náà, wọ́n ń fọwọ́ tọ etí rẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé ibi iná iwájú. Mo wo ojú wọn, ẹ̀rù bà mí. Mo wá ń rántí àwọn nǹkan tí mo ti rí tí n ò kà sí: ife omi tí wọ́n ń fọwọ́ gbá dànù, igun ògiri tí wọ́n ń fèjìká kọlù, ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ pa lọ́nà Ọlá. Wọ́n ní ṣe ló ṣàdédé sáré jáde, bẹ́ẹ̀ èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti rí i láti òkèèrè.

Wọ́n ní kí n jókòó. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Dókítà kan ní Àbíjàn ló ti sọ fún wọn, ọdún méjì kí wọ́n tó wálé, pé ojú wọn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi pa ṣọ́ọ̀bù dé nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kó jẹ́ àjèjì ni yóò máa fa àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ rí ojú wa kó tó di pé wọn ò rí nǹkan mọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ló wá kan rọ́bà ọkọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Ara jíìpù funfun, eruku ọ̀nà náà funfun lójú mi," wọ́n ní. "Etí dúdú yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ parí sí. Bí n ò bá ti rí i mọ́, n ò lè wa ọkọ̀ mọ́ nìyẹn."

Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lè gbé e mọ́ra. Ẹ̀wà ni ìyá mi ń ṣà nígbà tí mo sọ ọ́. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n ń ṣà á lọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní àwọn ti ń rò pé obìnrin kan ni bàámi fi sílẹ̀ ní Àbíjàn tí ọkàn wọn ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí bí àwọn bá ń bá bàámi sọ̀rọ̀, bàámi kì í wo ojú àwọn mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó sunkún.

A gbé bàámi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà tanná sí wọn lójú, ó ní ohun tó ti kú lẹ́yìn ẹyinjú kò ní jí mọ́, pé oògùn tí wọn yóò máa kán sójú lè dá èyí tó kù dúró fúngbà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má wa ọkọ̀ mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa bọ̀ wálé, bàámi fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù sórí itan mi.

N ò mọ ọkọ̀ wà. Jíìpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fún ọdún kan ó lé, adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní òun máa rà á, rọ́bà náà ti tún ṣá, ó sì ṣá lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bàámi ní ojú yóò ti àwọn bí a bá gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Mo kun ti òkè táyà mẹ́ta, wọ́n ní kí n fi ìkẹrin sílẹ̀ fún àwọn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń rí nígbà náà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́, mo fi ìka wọn mọ etí rọ́bà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ta sí ara funfun ọkọ̀, ó kán sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó gún. Mo ní ó gún régé. Nígbà tí wọ́n wọlé láti lọ kírun, mo fi bẹntiróòlù nu gbogbo ibi tó ta sí.

Wọ́n tún lo ọdún díẹ̀ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ojú rẹ̀ lọ, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Wọ́n bi mí ta ló jọ. Mo ní àwọn gan-an ló jọ.

Wọ́n ní kí n júwe rẹ̀ fún àwọn, torí àwọn ò rántí bí ojú àwọn ṣe rí mọ́.